Òkìtì Lougba àti Àwọn Àlejò Tí Kì Í Jókòó

Ẹ sún mọ́ ibí, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ pa rédíò yẹn ná, kí ẹ jókòó sábẹ́ igi kajú yìí níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ fún yín kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń pariwo sọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú yín na fóònù sí mi lójú, ó ní, "Bàbá, ẹ wò ó, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa múọ́ọ̀nù." Ó pe ọ̀rọ̀ náà bí ẹni ń pe orúkọ ọbẹ̀ àjèjì. Ó ti pẹ́ jọjọ tí mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Bí ó ti pè é, etí mi gbọ́ nǹkan mìíràn, ohun tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè gbọ́. Ká. Ká-ká. Ká.

Ìró ẹ̀rọ tí ó ń kà fún wa nìyẹn, nínú ahéré wa ní Lougba. Kò dà bí ìró aago. Aago ní ètò tirẹ̀, o mọ ìgbà tí yóò tún dún. Èyí dà bí òjò àkọ́rọ̀ lórí páànù tuntun: ẹyọ kan níbí, ẹyọ méjì lọ́hùn-ún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́ títí ọkàn rẹ yóò fi sọ pé ó ti tán. Ibẹ̀ ni yóò tún ti dún. Lónìí, bí mo bá jókòó ní Savalou, sémìjáàn ni mò ń gbọ́, alùpùpù lẹ́yìn alùpùpù, àti fóònù tó ń kọrin lápò gbogbo ènìyàn. Ariwo pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí mo ń dákẹ́ dè.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí à ń kà. Láti ibi tó jìnnà ju oòrùn lọ, àwọn kóró kan ń bọ̀ tí ojú kò lè rí. Bí ọ̀kan bá kọ lu afẹ́fẹ́ lókè réré, ó fọ́. Èyí tó fọ́ yóò tún fọ́ òmíràn, títí wọn yóò fi di ọ̀pọ̀ tó ń já bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé ń pe èyí ní òjò. Àwa tí a fi Faransé kàwé ń pè é ní jẹ́ẹ̀bù, ìyẹn ìtí ọkà bàbà tí a fi okùn dì. Ìtí ni mo fẹ́ràn jù. Òjò kò ní ìbàdí, ìtí ní. Ibì kan wà tí gbogbo rẹ̀ ti kóra jọ kí ó tó tàn ká.

Nínú ìtí yìí, ọ̀pọ̀ ń kú lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn dé ilẹ̀, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ á dá wọn dúró. Múọ́ọ̀nù ni kì í dúró. Ó ń gba inú òrùlé, ó ń gba inú orí rẹ, ó ń wọ ilẹ̀ lọ. Bí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń gba àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá. Ọjọ́ ayé rẹ̀ kò tó ìṣẹ́jú kan, kódà kò tó ìṣẹ́jú tí ojú ń ṣẹ́. Eré tó ń sá ló jẹ́ kí ó dé ọ̀dọ̀ wa kí ó tó kú, nítorí ẹni tó bá sá eré tó bẹ́ẹ̀ kì í tètè gbó. Èmi tí n kò sáré, ẹ wo orí mi.

Ráímì ló fún un ní orúkọ. Ó ní, "Àlejò tí kì í jókòó ni. O gbé àga fún un, o bu omi fún un, ó ti jáde ní ẹ̀yìnkùlé."

Ẹ jẹ́ kí n fi Ráímì hàn yín. Bíríkìlà ni, mùsùlùmí ará Bantè tó ní oko ní Lougba, ó sì fi ọdún díẹ̀ jù mí lọ. Fòfó ni mo ń pè é, bí àwọn ẹ̀yà Maì tó wà ní Savalou ti ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, nítorí ní Savalou ni wọ́n ti tọ́ mi. Òun náà ń pè mí ní Ọ̀mọ̀wé, ó sì ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé nígbà náà, mo wọ bàtà aláwọ, mo rò pé kò sí ohun tí ó wà láyé tí a kò lè fi ìwé yanjú. Ọ̀gá wa jẹ́ òyìnbó onírùngbọ̀n kan tí gbogbo wa ń pè ní Mùsé. Òun ló ní iṣẹ́ náà. Èmi ń gbé ní Savalou, níbi tí a ti ń gba iná sínú bátìrì tí mo sì ti ń to ìwé. Ráímì ń gbé nídìí ẹ̀rọ ní Lougba, ó ń ka iye rẹ̀ láràárọ̀, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé, ó sì ń fi ìwé rán awakọ̀ akẹ́rù sí mi. Kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá kọ èèje, ó máa ń fa ìlà kan sí i láàárín, bí igi tí a dì mọ́ ọ̀pá.

Ayé ìgbà náà ní ìtura tirẹ̀. Mo máa ń gun mòbílẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré ìgbà náà, láti Savalou lọ sí Lougba, bátìrì ní ẹ̀yìn, eruku ọyẹ́ ní imú. Ní àárín Bantè, màá dúró mu omi, ẹni tí n kò mọ̀ rí á sì bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti ń bọ̀?" Àwọn tí à ń kà ni ó ń béèrè. Gbogbo ènìyàn ló mọ iṣẹ́ wa, kò sì sí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ìyá Ráímì kò jẹ́ ká sinmi. "Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ohun tí ẹ kò rí, ẹ kà á dáadáa o, kí ẹ má baà ka ẹnì kan nínú wa mọ́ ọn."

Ìgbà kan, ẹ̀rọ dákẹ́ fún odidi ọjọ́ kan. Mùsé sáré wá láti Savalou, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ń tẹ èyí, ó ń tú tọ̀hún, ó ń bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè ńlá ńlá nípa oòrùn. Ráímì dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé okùn ẹ̀rọ sókè, eyín ti jẹ ẹ́ sí méjì. Ó ní, "Mùsé, ọ̀run kò ti ilẹ̀kùn. Ewúrẹ́ ni." Mo túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé, Mùsé sì rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Bí mo bá rántí ìyẹn, ẹ̀rín máa ń kọ́kọ́ pa mí. Lẹ́yìn náà ni ọkàn mi ń bàjẹ́.

Bí a ti ń kà á nìyí. Àpótí kan wà tí inú rẹ̀ ṣókùnkùn biribiri, pẹlẹbẹ kan sì wà nínú rẹ̀ tó máa ń kọ mànà bí kóró kan bá gbà á kọjá. Ojú ẹ̀rọ rí mànà náà, ó dún: ká. A to àwọn kan sórí ilẹ̀, ìwọ̀nyí ń mú gbogbo ohun tó bá bọ́. A wá gbẹ́ kòtò mẹ́ta, a gbé àpótí sí wọn, a fi pákó bò wọ́n, a sì kó erùpẹ̀ lé wọn títí òkìtì fi ga ju ènìyàn lọ. Ohun tó bá dún lábẹ́ ibẹ̀, múọ́ọ̀nù ni, nítorí òun nìkan ló lè dé ibẹ̀. Ọ̀pá irin kan dúró láàárín òkìtì kọ̀ọ̀kan, a fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Erùpẹ̀ gbọ́dọ̀ kan àmì pupa. Ní oṣooṣù, èmi ni mo gbọ́dọ̀ lọ fi ojú mi rí i pé ó kàn án, kí n kọ "erùpẹ̀ pé" sínú ìwé, kí n sì fọwọ́ sí i.

Òkìtì méjì wà nínú igbó. Ẹ̀kẹta wà lẹ́bàá ọ̀nà ọjà, ìyẹn ló dá wàhálà sílẹ̀.

Ráímì pè mí sápá kan. "Ọ̀mọ̀wé, ṣé o mọ ohun tí àwọn tó ń lọ sọ́jà ń bi mí? Wọ́n ń bi mí pé ta ló kú."

"Ẹ sọ fún wọn pé ẹnì kankan kò kú, Fòfó."

"Mo ti sọ. Àwọn obìnrin ń yà kúrò lójú ọ̀nà. Ẹnì kan ti gbé epo pupa síbẹ̀. Ìyá mi ní ebè tí kò ní iṣu nínú, ibojì ni."

Mo rẹ́rìn-ín. "Ẹ wí fún wọn pé ẹni tí kì í jókòó ló sùn síbẹ̀." Mo gun mòbílẹ́ẹ̀tì mi, mo lọ. N kò mọ̀ pé ẹni tó ń bẹ̀ mí ni mo fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Òjò ọdún yẹn le. Odò kún bo afárá, ọ̀nà di ẹrẹ̀. Oṣù àkọ́kọ́, mo ní n kò ní lè lọ, mo jókòó sí yàrá mi ní Savalou, mo kọ "erùpẹ̀ pé," mo fọwọ́ sí i. Oṣù kejì, odò ti fà díẹ̀. Mo tún fọwọ́ sí i. Oṣù kẹta, n kò tilẹ̀ wá àwáwí mọ́.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, iye tó ń wá láti òkìtì kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Mùsé ti ṣírò tẹ́lẹ̀ pé bí ìtí bá tóbi báyìí, iye múọ́ọ̀nù báyìí ló yẹ ká rí. Òkìtì méjì ti inú igbó ń fi díẹ̀ ju ìṣirò lọ, díẹ̀ tí ènìyàn lè jiyàn lé lórí. Ti ẹ̀kẹta kò ní àríyànjiyàn. Ó ga bí òkè Savalou. Mùsé ń rìn ká yàrá, ó ń fọwọ́ nu ojú. Ó ní bí òótọ́ bá lèyí, a jẹ́ pé ohun kan wà nínú ọ̀run tí àwọn ọ̀mọ̀wé kò tíì mọ̀. Ó ní èmi ni n óò bá òun lọ sókè òkun láti sọ ọ́, n óò sì dúró síbẹ̀ gba oyè ọ̀mọ̀wé. Ìyá mi sọ fún gbogbo ìjọ lẹ́yìn Máàsì ọjọ́ Àìkú. Ó rán aṣọ tí kò nípọn tó fún otútù, ó ní kí n fi ti ọ̀hún lé e.

Ọjọ́ ọdún iṣu tuntun ní Savalou, Ráímì bá ọkọ̀ akẹ́rù wá. Ó gbé làbókò mẹ́fà lé orí, iṣu tó gùn bí apá ọkùnrin. A gún iyán. Mùsé jẹ, ó tún tọrọ.

Mo ní, "Fòfó, iṣu yìí dùn o! Ibo lẹ ti rí i?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ilẹ̀ rere ni, Ọ̀mọ̀wé. Ilẹ̀ tí ẹ tú dáadáa."

Mo gbọ́ ọ, mo tún bu òkèlè.

Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ká gbéra kí n tó lọ sí Lougba lọ gba ìwé ìkẹyìn. Láti ọ̀nà jíjìn ni mo ti rí òkìtì kẹta. Ọ̀pá tí iṣu fi ń gun ló kọ́kọ́ bọ́ sí mi lójú, àti ìtàkùn tó ti pọ́n. Mo bọ́ sílẹ̀, mo jẹ́ kí mòbílẹ́ẹ̀tì ṣubú. Ihò tí wọ́n ti wa iṣu wà káàkiri òkìtì náà, òjò sì ti gbá ohun tó kù lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Àmì pupa dúró gbangba lókè, ó fi igbọ̀nwọ́ méjì ju erùpẹ̀ lọ.

"Fòfó, kí lẹ ṣe síbí?"

Ó jáde láti inú ahéré, ó ń nu ẹnu. "Iṣu ni mo gbìn. Wọn kò pè é ní ibojì mọ́. Kódà, àwọn obìnrin ń kí mi níbẹ̀."

"Ẹ kó erùpẹ̀ kúrò!"

"N kò kó o kúrò. Mo wa iṣu, mo dá a padà. Òjò ló gbé díẹ̀." Ó wo ojú mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. "Ṣé ohun tó ń gba òkúta kọjá ni erùpẹ̀ kékeré yìí máa ṣe ní nǹkan? Ìwọ lo sọ fún mi pé kì í dúró."

Òótọ́ ni. Èmi ni mo sọ fún un. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo kọ́ ọ. Mo sọ fún un pé múọ́ọ̀nù ń kọjá, n kò sọ fún un pé nítorí àwọn kóró yòókù tí kò yẹ kí wọ́n kọjá ni a ṣe kó erùpẹ̀ jọ. Nígbà tí erùpẹ̀ dínkù, àwọn yẹn rí àyè wọlé, ẹ̀rọ sì ń ka gbogbo wọn mọ́ múọ́ọ̀nù. Ohun tuntun tí Mùsé rí nínú ọ̀run, ihò iṣu ni. Mo sì ti jẹ nínú iṣu náà.

"Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?" Ráímì béèrè.

"Ó ti bàjẹ́."

Ó mú ọkọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ padà, ó ń sọ pé kí oòrùn tó wọ̀ yóò ti pé.

Mùsé dé lọ́jọ́ kejì. Ojú òkìtì náà ni a dúró sí, àwa mẹ́ta, èmi àti Mùsé sì ń sọ Faransé, èdè tí Ráímì kò gbọ́. Mùsé ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ fọwọ́ sí i lóṣooṣù. O wò ó?"

Mo ní, "Mo wò ó. Ó pé. Lẹ́yìn tí mo lọ tán ni ọkùnrin yìí ń hú u."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹyin lohùn. Mo gbọ́ bí ó ti fọ́. Ráímì ń wo ẹnu mi, lẹ́yìn náà ó wo ti Mùsé. Kò sí ohun tó yé e níbẹ̀ ju orúkọ rẹ̀ tí Mùsé pè lẹ́ẹ̀mejì. Mùsé ní kí n sọ fún un pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.

"Kí ni Mùsé wí?"

N kò lè sọ ọ́. Mo ní, "Ó ní kí ẹ máa lọ sílé ná, Fòfó."

Ná. Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn. Ojú tì mí, mo fi "ná" bo ojú náà.

Ó ní, "Bí mo bá dá erùpẹ̀ náà padà ńkọ́?"

Mo ní, "Ẹ dá a padà," kí n lè ráàyè kúrò níwájú rẹ̀.

Mùsé kò gba ìwé kankan gbọ́ mọ́, títí kan ti òkìtì méjì inú igbó tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Bí ọ̀kan bá rà, wọn á da gbogbo agbọ̀n nù. Kò mú mi lọ sókè òkun. A hú àpótí méjì, a gé okùn ẹ̀kẹta, a fi àpótí rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ nítorí omi ti wọ̀ ọ́. Mùsé lọ. Èmi di olùkọ́ ní kọlẹ́ẹ̀jì, mo kọ́ àwọn bàbá yín ní ìṣirò títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìyá mi ká aṣọ otútù náà sínú àpótí, kò bi mí ní ìbéèrè kan rí. Mo pàdé Ráímì lẹ́ẹ̀kan péré ní ọjà Savalou. Ó gbé ọwọ́ sókè láàárín èrò, ó ń ké pé, "Ọ̀mọ̀wé! Ọ̀mọ̀wé, ó ti pé o!" Mo rò pé ẹ̀sín ló ń fi mí ṣe. Mo yà sí ìsọ̀ aláṣọ kan títí ó fi kọjá.

Ìgbà tí mo gbọ́ pé ó kú, ibà ń ṣe mí. N kò lọ síbi ìsìnkú. Ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún, ni mo sọ fún ara mi, bí ẹni pé eré ni a jọ ń ṣe.

Ìdí tí ohun inú fóònù fi dùn mí nìyẹn. Wọ́n ní àwọn tó ń kà á lónìí, tí wọ́n ní ẹ̀rọ tó fẹ̀ ju oko gbogbo Bantè lọ, ṣì ń rí múọ́ọ̀nù ju iye tí ìṣirò sọ lọ, wọn kò sì tíì mọ ìdí rẹ̀. N kò sọ pé àwa la kọ́kọ́ rí i. Bóyá díẹ̀ tí òkìtì inú igbó fi lé, òun ni. Bóyá kì í ṣe òun. Ikán ti jẹ àwọn ìwé náà, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ láé. Irọ́ mi ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún wò wọ́n.

Ní ọjọ́ Ẹtì, mo gun sémìjáàn lọ sí Lougba. Igi kajú ti gba gbogbo ibẹ̀, ahéré wa ti wó. Mo rò pé n óò wá òkìtì náà tì. Ṣùgbọ́n ó dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ga jù mí lọ, wọ́n ro ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní. Kò sí iṣu lórí rẹ̀. Ọ̀dà pupa ọ̀pá irin náà ń dán. Ọ̀dà tuntun ni.

Obìnrin kan jáde wá, ó kúnlẹ̀ kí mi. Sàfúrá ni, ọmọ Ráímì. Ó ní, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin ni Ọ̀mọ̀wé?"

"Èmi ni."

"Ẹ pẹ́ o." Kò sọ ọ́ bí ìbáwí. "Bàbá mi ní ẹ ní kí òun máa lọ sílé ná. Ní gbogbo ìgbà tí òjò bá dá, ó ń kó erùpẹ̀ padà títí yóò fi kan àmì. Àwọn ènìyàn ní ibojì ni, ó ní kí wọ́n máa wí. Nígbà tí apá rẹ̀ kò ká a mọ́, èmi ni mò ń kó o." Ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde tí ó fi ọ̀rá wé. Ojú ìwé lẹ́yìn ojú ìwé, oṣù lẹ́yìn oṣù: erùpẹ̀ pé, erùpẹ̀ pé. Èèje tó ní ìlà láàárín. Lẹ́yìn náà, ọwọ́ Sàfúrá. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ṣófo láti òkè délẹ̀. "Ó ní ẹ̀yin lẹ máa ń fọwọ́ sí i níbẹ̀."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: yàrá mi ní Savalou, Faransé tí mo sọ níwájú bàbá rẹ̀, okùn tí a gé kí a tó lọ. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"Bàbá mi ì bá fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu yín," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ohun yẹn kò kọjá níbẹ̀ mọ́ ni?"

"Ó ń kọjá. Kò dúró rí. Ẹni tó ń kà á ni kò sí."

Ó na ìwé sí mi, pẹ̀lú bírò. "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fọwọ́ sí i."

Mo kọ́kọ́ dìde. Mo di ọ̀pá mú, mo gun òkìtì náà, orúnkún mi ń ké. Mo tẹ̀ ba, mo fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ erùpẹ̀ mọ́ ìdí àmì pupa. Ó kàn án. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo fọwọ́ sí ìlà kan, ti oṣù yìí. Ó ní kí n fọwọ́ sí èyí tó kù, àyè wà. Mo ní rárá, ọmọ mi. N kò sí níbẹ̀.